Ìyá mi fẹ́ dá wọkọ̀ òfurufú lọ sí Ìlú Ọba: kí ni wọn yóò bá pàdé lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá balẹ̀?

Ọmọ Aláàdìrẹ, Ìtòkú, béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín o, a kú ọjọ́ mẹ́ta. Abẹ́òkúta níbí ni mò ń gbé, ní Ìtòkú, níbi tí ìyá mi ti ń ta àdìrẹ láti ìgbà tí a ti wà ní kékeré. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó wà ní Manchester ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wọ́n sì ti fún màmá ní físà àlejò kí wọ́n lè lọ wo òun àti ọmọ rẹ̀. Físà náà gbà wọ́n láyè oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta ni wọ́n ní lọ́kàn láti lò, nítorí pé wọn kò fẹ́ kí ìsọ̀ wọn dá páropáro títí di ìgbà ọdún. Láti Èkó ni ọkọ̀ yóò ti gbé wọn tààrà lọ sí Heathrow ní London, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni yóò sì wá pàdé wọn níbẹ̀ láti mú wọn lọ sílé.

Ohun tí ó gbé mi wá síbí ni pé màmá kò wọ ọkọ̀ òfurufú rí, kò sì sí ẹni tí yóò bá wọn lọ. Ní ìdí iṣẹ́ wọn, kò sí ẹni tí ó lè tàn wọ́n jẹ: bí oníbàárà bá gbé aṣọ dé, wọn yóò yí etí rẹ̀ sókè, wọn yóò wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọn yóò sì sọ fún un lójú ẹsẹ̀ bóyá ẹ̀kọ ni wọ́n fi ya iṣẹ́ ara rẹ̀ tàbí àbẹ́là. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì wọn kò pọ̀. Wọ́n ń gbọ́ èyí tí a fi ń ná ọjà, wọ́n sì lè fi fèsì, àmọ́ bí òyìnbó bá ti ń sọ ọ́ wàràwàrà, kì í yé wọn mọ́.

Láti ìgbà tí ìròyìn físà ti tàn ká agbo ilé, onírúurú ìmọ̀ràn ni àwọn ènìyàn ń kó bá wọn. Ẹnìkan ní àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wà lẹ́nu ibodè yóò da ìbéèrè bò wọ́n bí ẹni tí a gbé lọ sí kóòtù, ẹlòmíràn ní wọn kò gbọdọ̀ dárúkọ ọmọ tuntun rárá, ẹnìkẹta sì kọ ìdáhùn sórí ìwé fún wọn kí wọ́n máa há a sórí. Ní báyìí, màmá a máa jí lóru, wọn a máa ka àwọn ìdáhùn yẹn sí ara wọn létí, àyà wọn a sì máa já. Inú mi kò dùn sí i rárá, nítorí pé ìrìn àjò ayọ̀ ni ó yẹ kí ó jẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n, kí ó là á yé mi láti ìgbà tí ọkọ̀ bá ti balẹ̀ títí di ìgbà tí wọn yóò fi fojú kan ọkọ ẹ̀gbọ́n mi: ta ni wọn yóò bá pàdé, àwọn ìwé wo ni ó yẹ kí ó wà lọ́wọ́ wọn, irú oúnjẹ wo sì ni a lè dì fún wọn? Wọ́n ti to làfún, èlùbọ́, irú, ẹja gbígbẹ, pọ̀nmọ́ àti ẹran gbígbẹ sílẹ̀ dè mí.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Àsẹ̀rò, fèsì pé:

Ọmọ mi, o kú àníyàn ìyá rẹ. Bá mi kí wọn kú oríire ọmọ tuntun, Ọlọ́run yóò dá a sí. Èmi náà ti lọ bá àwọn ọmọ mi gbé ọmọ ní Ìlú Ọba, mo sì máa ń bá àwọn ìyá tí ó wà nínú ìjọ wa jókòó kí wọ́n tó lọ. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ kí o ṣe ni pé kí o gba ìwé ìdáhùn yẹn lọ́wọ́ wọn. Ìyá rẹ mọ ìdí tí wọ́n fi ń lọ, wọ́n mọ ọmọ tí wọ́n ń lọ bá, wọ́n sì mọ ìgbà tí wọ́n fẹ́ padà. Ìbéèrè tí òṣìṣẹ́ ibodè yóò bi wọ́n kò ní jìnnà sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Ẹni tí ó ń sọ ohun tí ó mọ̀ kò ní ohun tí yóò gbàgbé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó há ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ sórí, bí wọ́n bá yí ìbéèrè náà padà díẹ̀ báyìí, ahọ́n rẹ̀ yóò lọ́, òṣìṣẹ́ náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí i láìnídìí.

Bí ìrìn náà ṣe rí nìyí. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni ọkọ̀ máa ń lò láti Èkó dé London. Bí ó bá balẹ̀, kí wọ́n má ṣe kánjú dìde. Kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tí ara ń yá kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, kí àwọn sì yẹ abẹ́ ìjókòó àti àpò tí ó wà níwájú wọn wò, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà máa ń gbàgbé awò ojú sí. Tí wọ́n bá jáde, ọ̀nà náà gùn. Ẹ̀rù máa ń ba ẹlòmíràn pé òun ti ṣìnà, nítorí pé yóò rìn, yóò gun àtẹ̀gùn tí ó ń gbé ènìyàn lọ fúnra rẹ̀, yóò tún rìn, kò sì ní tíì rí ẹnikẹ́ni tí ó béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe máa ń rí fún gbogbo èrò. Ní Heathrow, pátákó ìtọ́sọ́nà jẹ́ aláwọ̀ yẹ́lò tí a fi dúdú kọ, "Arrivals" sì ni kí wọ́n máa tẹ̀lé. Kí wọ́n má tẹ̀lé "Flight connections", nítorí pé ti àwọn tí ó fẹ́ wọ ọkọ̀ òfurufú mìíràn nìyẹn. Kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì gàdàgbà gàdàgbà sórí páálí, kí o sì máa fi hàn wọ́n nílé títí ojú wọn yóò fi mọ̀ ọ́n.

Ibi tí wọn yóò kọ́kọ́ kàn ni ibi àyẹ̀wò ìwé ìrìnnà. Gbọ̀ngàn ńlá ni, èrò sì lè pọ̀ níbẹ̀, pàápàá ní òwúrọ̀ tí àwọn ọkọ̀ tí ó rìn lóru máa ń balẹ̀ tẹ̀lé ara wọn. Wọn yóò rí àwọn ẹnu ọ̀nà kan tí ẹ̀rọ ń ṣí fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè kan ni ìyẹn wà fún, bíi Ìlú Ọba fúnra rẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, Amẹ́ríkà, Kánádà, Ọsirélíà àti Jàpáànù. Nàìjíríà kò sí lára wọn. Ìlà tí a kọ "All other passports" sí ni tiwọn, ọ̀dọ̀ ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni ìlà náà sì máa ń gbé ènìyàn lọ. Kò sí fọ́ọ̀mù kankan tí wọn yóò kọ. Ìwé pélébé tí àwọn àlejò máa ń kọ ọ̀rọ̀ ara wọn sí nínú ọkọ̀ láyé ìjọ́sí, ìjọba wọn ti pa á tì láti ọdún 2019, àmọ́ àwọn kan ṣì ń fi dẹ́rù ba àwọn ìyá tí kò kàwé púpọ̀.

Bí ó bá kàn wọ́n, òṣìṣẹ́ náà yóò gba ìwé ìrìnnà, yóò wo ojú wọn, yóò sì ní kí wọ́n gbé ìka lé ẹ̀rọ kékeré kan, kí ó lè mọ̀ pé ẹni tí ó tẹ̀ka nígbà tí ó ń gba físà ni ó dúró níwájú òun. Bí ìyá rẹ bá ń fúnra wọn re aṣọ, tí ọwọ́ wọn ti pẹ́ nínú aró àti kọ́sítíìkì, ojú ìka wọn lè má tètè hàn lórí ẹ̀rọ. Kí wọ́n fi ìpara díẹ̀ pa ọwọ́ kí ọkọ̀ tó balẹ̀, kí wọ́n sì má jáyà bí òṣìṣẹ́ náà bá ní kí wọ́n tún un tẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni yóò bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n wá ṣe, ẹni tí wọn yóò máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, iye ìgbà tí wọn yóò lò, àti ẹni tí yóò máa gbọ́ bùkátà wọn. "Ọmọ mi bímọ, mo wá wò wọ́n, Manchester ni wọ́n ń gbé, oṣù mẹ́ta ni mo fẹ́ lò": ó tó. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá há wọn lẹ́nu, kí wọ́n sọ ọ́ gbangba pé Yorùbá ni wọ́n gbọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ náà máa ń lo ògbufọ̀ lórí fóònù, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Èyí ni kí o tẹ̀ mọ́ wọn létí jù gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí pé mo ti rí ìyá tí ẹ̀rù ń bà tí ó ń dáhùn "yes, yes" sí ohun gbogbo kí wọ́n lè tètè fi òun sílẹ̀, nígbà tí ohun tí wọ́n ń bi í ni bóyá ó wá láti ṣiṣẹ́.

Ará Láfẹ́nwá fèsì pé:

Mo kí gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ Màmá Olùkọ́ dára, ṣùgbọ́n ní tèmi o, kí wọ́n má dárúkọ ọmọ tuntun. Ohun tí mo gbọ́ ni pé bí ènìyàn bá ti sọ pé òun wá gbé ọmọ, iṣẹ́ ni wọn yóò kà á sí, físà àlejò kò sì gba iṣẹ́. Kí wọ́n ní ìsinmi ni àwọn wá fún, àwọn fẹ́ wo ìlú, kí ó parí síbẹ̀.

Ẹlẹ́tíkẹ́ẹ̀tì, Pànsẹ́kẹ̀, fèsì pé:

Ẹ má bínú, Ará Láfẹ́nwá. Mo mọ̀ pé ire màmá ni ẹ ń wá, àmọ́ ìmọ̀ràn yẹn léwu, n kò sì fẹ́ kí ó dúró síbí láìsí èsì. Iṣẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì ni mò ń ṣe, mo sì máa ń bá àwọn ènìyàn kọ ìwé físà. Ohun tí a kọ sínú ìwé yẹn, òṣìṣẹ́ ibodè lè ṣí i wò níwájú rẹ̀. Bí a bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ bímọ, tí a sì fi lẹ́tà ìpè ti ọmọ náà sí i, tí màmá wá dé ẹnu ibodè tí wọ́n ń sọ ti ìsinmi, òtítọ́ tí kò lè pa wọ́n lára ni wọ́n fi ṣe irọ́ tí ó lè dá wọn padà sí Èkó nínú ọkọ̀ tí ó bá tẹ̀lé e. Òfin wọn le lórí ẹ̀tàn. Ẹni tí ó bá lo ẹ̀tàn nínú ìwé físà, wọ́n lè máa kọ físà fún un fún ọdún 10.

Ohun tí òfin àlejò kọ̀ ni kí ènìyàn gba iṣẹ́, tàbí kí ó wá jókòó sínú ilé bí agbọ́mọ tí à ń sanwó fún. Ìyá tí ó wá wo ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tí ó ń bá wọn wẹ ọmọ, tí ó ń se ọbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì sanwó iṣẹ́ fún un, àbẹ̀wò ẹbí ni ó ṣe. Kí màmá sọ ọ́ bí ó ti rí, kí wọ́n sì fi tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ wọn hàn. Bí òṣìṣẹ́ bá bi wọ́n léèrè ohun tí yóò mú wọn padà sílé, kí wọ́n sọ ti ìsọ̀ wọn ní Ìtòkú. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn mọ̀ débẹ̀ yẹn, kò sí ògbufọ̀ tí kò ní rí i túmọ̀ dáadáa.

Ní ti ìwé, àpò kékeré tí a ń fi kọ́ ọrùn ni kí ẹ rà fún wọn, kí ó sì wà lára wọn láti Abẹ́òkúta títí dé Manchester. Ìwé ìrìnnà, ìwé físà, tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀, lẹ́tà ìpè tí àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù ẹ̀gbọ́n yín wà lórí rẹ̀, ẹ̀dà ìwé ìbí ọmọ náà, àti pọ́n-ùn díẹ̀ ni kí ó wà níbẹ̀. Àwọn kan máa ń di gbogbo ìwé wọ̀nyí sínú báàgì ńlá tí ọkọ̀ ń gbé sí ikùn. Wọ́n gbàgbé pé lẹ́yìn àyẹ̀wò ìwé ìrìnnà ni ènìyàn tó máa ń rí báàgì yẹn gbà. Bí físà wọn bá sì jẹ́ ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí àkáǹtì náà wò kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ rí i dájú pé nọ́ńbà ìwé ìrìnnà tí wọ́n mú lọ́wọ́ gan-an ni ó wà nínú rẹ̀.

Ó kan oúnjẹ. Pọ̀nmọ́ àti ẹran gbígbẹ kò lè lọ. Ìlú Ọba kò gbà kí àlejò láti Nàìjíríà gbé ohunkóhun tí a fi ẹran tàbí wàrà ṣe wọlé, ìbáà jẹ́ ẹyọ kan, ìbáà jẹ́ sínsè tàbí yíyan, wàràkàṣì náà sì wà lábẹ́ òfin yìí. Ẹja gbígbẹ lè lọ, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ju kílò 20 lọ fún ẹnìkan. Iṣu tútù àti ewé tútù ń béèrè ìwé ẹ̀rí pé kòkòrò kò sí lára wọn, nítorí náà ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ewédú gbígbẹ ni kí ẹ dì. Èlùbọ́ àti làfún kò ní wàhálà bí ẹ bá dì wọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ èyí, pàápàá jù lọ àwa Ẹ̀gbá tí a kì í fi làfún ṣeré: ìyẹ̀fun funfun tí a rọ sínú ọ̀rá tí kò ní àkọlé kò yàtọ̀ sí oògùn olóró lójú ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí. Ẹ ra èyí tí ilé-iṣẹ́ dì, tí orúkọ oúnjẹ wà lára rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ má sì tú u kúrò nínú ọ̀rá rẹ̀. Irú ní tirẹ̀, ẹ gbé e sínú ike tí ó dé pinpin, kí ẹ sì fi ọ̀rá méjì wé e, nítorí òórùn rẹ̀ yóò wọ inú aṣọ.

Ọ̀rọ̀ tí ó kù lọ́wọ́ mi ni ti ẹrù ẹlẹ́rù. Bí ọjọ́ bá ti ń súnmọ́, àwọn ará àdúgbò yóò máa gbé pálí àti ọ̀rá wá pé kí màmá bá àwọn fún ọmọ àwọn. Ẹ̀yin ọmọ ni kí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ kọ̀ ọ́, kí ó má ba à di ẹ̀bi sí ìyá yín lọ́rùn. Ẹ di báàgì wọn lójú wọn, kí wọ́n mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé wọ́n lè bi wọ́n ní Èkó, wọ́n sì lè bi wọ́n ní London, bóyá àwọn ni ó di ẹrù náà. Ẹ ya fọ́tò báàgì kọ̀ọ̀kan, kí màmá sì tọ́jú ìdajì ìwé ẹrù tí wọn yóò fún wọn nígbà tí wọ́n bá lẹ ìdajì kejì mọ́ báàgì. Ní ọdún 2025, àwọn kan ní pápákọ̀ òfurufú Kano fi orúkọ àwọn arìnrìn-àjò tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lẹ báàgì oògùn olóró, wọ́n sì mú àwọn ènìyàn náà ní Sáúdí Arébíà. Àjọ NDLEA tí ó ń gbógun ti oògùn olóró ni ó tú àṣírí rẹ̀ tí wọ́n fi dá wọn sílẹ̀. Ẹni tí ó mọ iye báàgì rẹ̀, tí ó sì ní ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́, ni ó lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Aláàdìrẹ, Ìtòkú, fèsì pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sí màmá létí. Nígbà tí mo dé ibi "yes, yes", wọ́n ní kí n tún un kà. Ìbéèrè díẹ̀ ló kù. Màmá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ń lo oògùn lójoojúmọ́. Wọ́n tún ní àgbo nínú ìgò tí wọn kò fẹ́ fi sílẹ̀. Èkejì, wọ́n ń rìn dáadáa ṣùgbọ́n orúnkún máa ń dùn wọ́n bí ìdúró bá pẹ́: ṣé ó tọ́ kí a béèrè àga onítáyà fún wọn? Ẹ̀kẹta, bí wọ́n bá pẹ́ níbi àyẹ̀wò, báwo ni àwa àti ọkọ ẹ̀gbọ́n mi yóò ṣe mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀?

Ẹlẹ́tíkẹ́ẹ̀tì, Pànsẹ́kẹ̀, fèsì pé:

Ẹ béèrè àga náà. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tí orúnkún ń dùn sì wà lára àwọn tí a ṣe é fún. Ẹ sọ fún ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ní ó kéré tán wákàtí 48 kí ọjọ́ ìrìn tó pé, kí wọ́n kọ ọ́ sára tíkẹ́ẹ̀tì. Òṣìṣẹ́ kan yóò dúró dè wọ́n ní ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, yóò tì wọ́n lọ síbi àyẹ̀wò ìwé, yóò bá wọn dúró de báàgì, yóò sì mú wọn jáde sọ́dọ̀ ẹni tí ó wá pàdé wọn. Fún ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, àǹfààní rẹ̀ ju ti orúnkún lọ, nítorí pé kò sí pátákó tí wọn yóò máa wá kiri mọ́.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Birmingham fèsì pé:

Mo kí ẹ̀yin ará ilé láti òkèèrè. Èmi ni mo máa ń lọ pàdé àwọn ìyá àti bàbá fún àwọn ará wa tí kò ní mọ́tò níbí, nítorí náà láti ìta ni màá ti sọ tèmi.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í fa wàhálà. Kí ó wà nínú páálí tirẹ̀, kí ìwé dókítà wà pẹ̀lú rẹ̀, kí ó sì wà nínú báàgì ọwọ́, nítorí pé báàgì ńlá lè pẹ́ dé. Àwọn oògùn ìrora tí ó le, irú èyí tí ó ní codeine tàbí tramadol, àti oògùn oorun bíi diazepam, wọn gbọ́dọ̀ ní lẹ́tà dókítà, bí wọ́n bá sì tó ìlò oṣù mẹ́ta, ìwé àṣẹ ìjọba ni wọ́n ń béèrè. Àgbo ni kí ẹ bẹ màmá kí wọ́n fi sílẹ̀. Ìgò tí ó bá ju mílílítà 100 lọ kò lè wọ báàgì ọwọ́, èyí tí ó bá sì wà nínú báàgì ńlá láìní àkọlé, kò sí ẹni tí yóò lè ṣàlàyé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún aṣọ́bodè tí ó bá ṣí i.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò ìwé ìrìnnà, ibi tí wọ́n ti ń gba báàgì ló kàn. Báńdì aláyípo pọ̀ níbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ló sì ń sọ èyí tí ẹrù ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò gbà jáde, nítorí náà ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sórí ìwé fún màmá. Báàgì dúdú ni ó pọ̀ jù ní ayé yìí, ẹ̀yin sì ni aláàdìrẹ: ẹ ya àdìrẹ tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ so ó mọ́ ọwọ́ báàgì kọ̀ọ̀kan, màmá yóò dá a mọ̀ láti òkèèrè. Bí báàgì kan kò bá jáde, kí wọ́n má kúrò nínú gbọ̀ngàn yẹn kí wọ́n tó sọ ọ́ fún ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, kí wọ́n sì mú ìdajì ìwé ẹrù tí Ẹlẹ́tíkẹ́ẹ̀tì sọ dání. Bí wọ́n bá ń jáde, ọ̀nà méjì ni ó wà: aláwọ̀ ewé fún ẹni tí kò ní ẹrù tí ó yẹ kí ó sọ fún aṣọ́bodè, pupa fún ẹni tí ó ní. Bí ẹ bá tẹ̀lé ìmọ̀ràn orí oúnjẹ yẹn, tí owó ọwọ́ wọn kò sì tó 10,000 pọ́n-ùn, aláwọ̀ ewé ni tiwọn. Aṣọ́bodè ṣì lè dá wọn dúró kí ó ṣí báàgì wò. Kí wọ́n jẹ́ kí ó wò ó, kí wọ́n má bá a jà, kí wọ́n má bẹ̀ ẹ́.

Mo tún ní láti sọ èyí, kí ẹnikẹ́ni má bínú sí mi: kí màmá má ṣe na owó sí òṣìṣẹ́ kankan, ìbáà jẹ́ nítorí pé ó ṣe dáadáa sí wọn. Ní ilé wa, a lè pè é ní ìdúpẹ́, ṣùgbọ́n níbí, rìbá ni wọn yóò pè é, ìyẹn sì lè ba ìrìn tí ó ti dára láti ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́.

Ní ti ìpẹ́, wákàtí kan sí méjì kò ju bí ó ti yẹ lọ, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọkún ní Ìtòkú. Bí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ sí i, yóò fún wọn ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní IS81, yóò sì ní kí wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìwé yẹn kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti lé wọn. Ó kàn ń sọ pé àyẹ̀wò kò tíì parí ni. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, wọ́n lè pe nọ́ńbà tí ó wà lórí lẹ́tà ìpè láti fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀. Kí ẹ̀gbọ́n yín àti ọkọ rẹ̀ máa gbé fóònù tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣàjèjì sí wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí àwọn méjèèjì sì mọ ọjọ́ tí màmá yóò padà, torí mo ti rí ibi tí ìyá ti sọ oṣù mẹ́ta tí ọkọ ọmọ sọ oṣù mẹ́fà, tí wọ́n fi pẹ́ níbẹ̀ títí ọjọ́ fi kan àtàrí.

Heathrow ní ibùdókọ̀ òfurufú mẹ́rin tí èrò ń lò, tí wọ́n ń pè ní "Terminal", èyí kejì, ìkẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún, gbogbo wọn kò sì sí lójú kan náà. Kí ọkọ ẹ̀gbọ́n yín wo tíkẹ́ẹ̀tì kí ó mọ èyí tí ọkọ̀ màmá yóò lò. Bí màmá bá jáde tí wọn kò rí i, kí wọ́n dúró sí ibi tí èrò ti ń jáde gan-an, kí wọ́n má bọ́ síta, kí wọ́n má sì tẹ̀lé awakọ̀ tí ó bá ń pe èrò. Wi-Fi pápákọ̀ náà ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́ta sórí ìwé fún wọn bí bátìrì fóònù bá kú. Ẹ rántí pẹ̀lú pé láti ìparí oṣù kẹwàá sí ìparí oṣù kẹta, aago Ìlú Ọba máa ń fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa. Ní àwọn oṣù yòókù, ọgbọọgba ni.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Àsẹ̀rò, fèsì pé:

Ẹ kú làákàyè. Ẹyọ kan ni mo fẹ́ fi kún un. Ọmọ mi, má jẹ́ kí ìyá rẹ kúrò ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ ìrìn gan-an. Yálà ọ̀nà Ṣàgámù ni ẹ gbà tàbí ọ̀nà Sàǹgó, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kì í dá ọjọ́, ọkọ̀ ojú irin tí ó ń gba Ládérìn kọjá kò sì dé pápákọ̀ òfurufú. Kí wọ́n sun Èkó mọ́jú lọ́dọ̀ ẹbí, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sùn dáadáa. Ìyá tí kò sùn fún ọjọ́ méjì ni yóò dé iwájú òṣìṣẹ́ tí yóò gbàgbé orúkọ àdúgbò tí ọmọ rẹ̀ ń gbé.

Ọmọ Aláàdìrẹ, Ìtòkú, fèsì pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, àti lọ́wọ́ Ará Láfẹ́nwá pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó sọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú agbo ilé wa ń sọ, èmi náà kò sì ní mọ èsì rẹ̀ bí kò bá sọ ọ́ síta. Mo ti gba ìwé ìdáhùn lọ́wọ́ màmá. Pọ̀nmọ́ àti ẹran gbígbẹ ti padà sínú ìkòkò ọbẹ̀ ilé. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi nọ́ńbà òun àti ti ọkọ rẹ̀ ránṣẹ́, wọ́n sì ti jọ fẹnu kò lórí ọjọ́ àbọ̀. Ọ̀la ni màá kọ sí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ nípa àga onítáyà, lẹ́yìn náà ni màá lọ ra làfún onípáálí ní Kútọ̀. Àgbo nìkan ni a ṣì ń jà lé lórí.